Orí Egbin ní Festac

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé páàkì ni mo ti máa ṣe IT, iṣẹ́ ìdánrawò ti yunifásítì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé àwọn agbèrò ni mo fẹ́ lọ máa kọ́ níwèé. Mi ò lè bá wọn jà. Ní Festac tiwa, bí ènìyàn bá dárúkọ páàkì, ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò ni gbogbo ayé máa rò. Mo ṣàlàyé fún wọn pé páàkì tèmi jẹ́ ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ ńlá kan tó wà lókè lọ́hùn-ún níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, pé wọn kì í ti ẹranko mọ́ inú àgò níbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń rìn kiri bó ṣe wù wọ́n. Màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá ní, "Bí wọ́n bá ń rìn kiri bó ṣe wù wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ kí ìwọ máa ṣe níbẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Àwọn ọdún yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe olówó. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mò ń kà ní yunifásítì, kì í sì í ṣe pé mo yàn án; ìmọ̀ ìṣègùn ni mo béèrè, ẹ̀kọ́ ẹranko ni wọ́n fún mi. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló bá mi rí àyè ní ọgbà ẹranko náà fún ìsinmi gígùn. Ó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa àyíká ni wọ́n fi mí sí. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí apá ìkọ́ni yẹn. Ohun tó wà lójú mi ni aṣọ kakí, bàtà gígùn, àti awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìnàjò mi, pásítọ̀ pè mí jáde síwájú ìjọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí Ọlọ́run dí ẹnu gbogbo ẹranko búburú. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àmín bàbá mi nìkan ni mi ò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìlà iwájú gan-an ni wọ́n jókòó sí.

Ọ̀gá tó gbà mí sọ́dọ̀ níbẹ̀ ni olórí ẹ̀ka ìkọ́ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, tí fìlà kakí rẹ̀ ti ṣá lórí. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, òun àti ẹ̀ṣọ́ kan gbé mi sínú ọkọ̀ àtijọ́ kan, a wọ inú ọ̀dàn lọ. Mo rí ipa ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀ tó ti gbẹ. Mo rí ìgbẹ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ẹfọ̀n náà. Mo rí ọ̀bọ tó pọ̀. Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀, mi ò fojú kàn án. Òwúrọ̀ mìíràn ni a débi odò kan tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta pẹlẹbẹ, ọ̀gá sì fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n má mira. Àwọn ẹranko kan dúró sí òdìkejì, àwọ̀ wọn pọ́n bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, abẹ́ ikùn wọn funfun. Akọ kan wà láàárín wọn, ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ó tún yí ṣóńṣó padà sókè. Wọ́n wò wá, wọn ò sá.

"Egbin nìyẹn," ni ọ̀gá sọ.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọge kan dára bí egbin. Wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣègbéyàwó, alága ìjókòó sọ ọ́ léraléra títí ó fi sú wa. Mi ò ronú kàn án rí pé egbin jẹ́ ohun kan tó ń jẹ koríko, tí eṣinṣin ń bà lójú. Mo dúró síbẹ̀, inú mi ń dùn, ó sì ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kan létí mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi tí mi ò sì gbọ́ ọ.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo débẹ̀ tí ọ̀gá fi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Di ẹrù rẹ. Èkó ni iṣẹ́ rẹ wà."

Mo rò pé mo ti ṣẹ ẹnì kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ọmọ tó yí ibí ká, a ní ẹni tó ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ Èkó la ò ní ẹnì kan fún. Àwọn sì ni wọ́n máa di mínísítà àti adájọ́ lọ́la, àwọn ni wọ́n máa sọ bóyá kí igbó yìí wà tàbí kí wọ́n pín in fún ara wọn. Ìwọ ọmọ Festac ni. Lọ bá wọn níbi ẹ̀kọ́ ìsinmi. Bí ìsinmi bá ń parí lọ, màá fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́, kó díẹ̀ nínú wọn wá kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i."

"Sà, èmi gan-an ò tíì mọ nǹkan kan nípa ibí. Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀ ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé o ò mọ̀." Ó fún mi ní àwọn fọ́tò ńláńlá kan àti ìwé pẹlẹbẹ tí mo máa fi kọ́ni. Lẹ́yìn náà ló fa àpò kan yọ lábẹ́ tábìlì. Agbárí akọ egbin ló wà nínú rẹ̀ tòun ti ìwo, ti èyí tó kú fúnra rẹ̀ sétí odò. Ó ní fọ́tò dára, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í gbàgbé ohun tó bá fọwọ́ kàn.

Bí mo ṣe padà sí Èkó nìyẹn, láì tíì fi bẹ́ẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fún mi.

Inú màmá mi dùn láti rí mi títí wọ́n fi tú ẹrù mi láti kó aṣọ ìdọ̀tí jáde. Ọwọ́ wọn kan agbárí náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Orí egbin ni, mà. Wọ́n ní kí n fi máa kọ́ àwọn ọmọdé."

"Nínú ilé mi? Ohun tó ní ìwo?"

Wọn ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé òróró ìyàsímímọ́, wọ́n fi kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, wọ́n sì fi kan èmi náà níwájú orí. Bàbá mi wà lórí àga wọn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo agbárí náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ká ìwé ìròyìn, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Mo gbà pé inú ti bí àwọn náà. Níkẹyìn màmá mi ní kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn. Inú búùtù ọkọ̀ bàbá mi, èyí tí kò rìn mọ́ tó wà nísàlẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù, ni egbin mi ń gbé láti ọjọ́ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibi ẹ̀kọ́ ìsinmi kan wà ní Festac, òmíràn wà ní ẹ́sítéètì Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, òmíràn sì tún wà ní ẹ́sítéètì Raji Rasaki. Mo ń gbé àpò mi kiri láti ọ̀kan sí èkejì. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn agbárí egbin gan-an. Wọ́n ń ki ìka bọ ihò ojú rẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè wọn kì í bá ohun tí mo ti múra sílẹ̀ pàdé. Mo máa sọ̀rọ̀ nípa koríko àti omi àti afẹ́fẹ́, wọ́n á ní, "Àǹtí, ṣé ẹran ẹ̀ dùn?" Mo máa ní òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni pa á. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ti wá jẹ ẹ́ rí ni?"

Ọmọbìnrin kan wà ní Raji Rasaki tó wọ awò ojú, tó máa ń nawọ́ sókè tí kì í sì í sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ni àwọn ẹranko náà.

Mo ní, "Gbogbo wa la ni wọ́n." Bí ìwé tí wọ́n fún mi ṣe wí nìyẹn.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé èèyàn ò gbọdọ̀ wọbẹ̀ láìgbàṣẹ, pé kò gbọdọ̀ dáko, kò gbọdọ̀ ṣẹ́gi. Tó bá jẹ́ gbogbo wa la ni ín, ọ̀dọ̀ ta la ti ń gbàṣẹ?"

Mo ní ọ̀dọ̀ ìjọba. Ó ní ta ni ìjọba gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo ìwé mi, kò sí níbẹ̀. Mo rántí ohun tí ọ̀gá sọ, mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Ó jókòó, inú rẹ̀ ò dùn sí mi.

Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ kan fi wá bá mi ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ó bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, Bíbélì wà lábíyá rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ń lálàá, pé òun mọ̀ pé mi ò ní èrò búburú, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń gbé káàkiri, ṣé mo mọ ibi tó ti wá? Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Obìnrin tó ni ibi ẹ̀kọ́ náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa mú fọ́tò nìkan wá. Mo gbà. Ṣùgbọ́n láìsí agbárí yẹn, ṣe ni àwọn ọmọ ń sùn. Nígbà tó yá, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Ilé ni mo wà, lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mò ń ṣe IT ní ọgbà ẹranko tí mi ò sí nínú rẹ̀, mò ń sọ ìtàn ibi tí mi ò mọ̀ fún àwọn tí kò béèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá bàbá mi ní féránda. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ yẹn ló gbé wa dé Festac. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin fún wọn, mo rò pé wọ́n máa ní kí n má dá obìnrin náà lóhùn. Wọ́n bi mí dípò ìyẹn pé, "Kí lò ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn nípa ibẹ̀?"

Mo ka ìwé mi fún wọn. Mo dé ibi tó ti sọ pé ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò bà jẹ́ ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí.

Bàbá mi ní, "Ibi tó o ti rí egbin, ṣé odò wà níbẹ̀?"

"Ó wà, sà."

"Òkúta pẹlẹbẹ ńkọ́, létí odò?"

Mo wò wọ́n. Mi ò tíì sọ ti òkúta fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní, "Orí òkúta yẹn ni ìyá ìyá mi ti máa ń sá èlùbọ́. Èmi ni mo máa ń lé ewúrẹ́ fún wọn."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń wo òpópónà nísàlẹ̀ bíi pé ẹni tó ń kọjá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìyá wọn ló ni abúlé kékeré kan níbẹ̀. Ọdẹ ni bàbá ìyá wọn, ìwo egbin pọ̀ lára ògiri iwájú ilé rẹ̀. Bàbá mi ṣì kéré nígbà tí wọ́n ní ìjọba ti fi ààlà sí igbó náà, pé kí gbogbo ènìyàn kó jáde. Wọ́n kó lọ sí ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá àgbà yẹn kò bá wọn lọ. Ó ti kú kí wọ́n tó kó, ìdí igi oṣè kan ni wọ́n sin ín sí.

Mo ní, "Ẹ ò sọ fún wa rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìlú bàbá mi lẹ̀ ń pè ní ìlú yín. Ìyẹn náà tó."

"Ṣé inú ń bí yín ni, sà? Ọjọ́ tí mo gbé orí yẹn dé, ẹ wọ yàrá."

"Mi ò fẹ́ kí o rí ojú mi," ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá. Mo mọ̀ pé bí kò bá jẹ́ ààlà tí ìjọba fi sí i, àwọn ará ìyá bàbá mi ìbá ti pa egbin ibẹ̀ tán láti fi ìwo rẹ̀ ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Mo tún mọ̀ pé ibi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí ènìyàn má tẹ̀, sàréè ìyá ìyá bàbá mi ni. Bí mo bá gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì á já lọ́wọ́ òsì. Mo gbàdúrà lé e lórí. Kò sí èsì, tàbí kí ó jẹ́ pé mi ò mọ èsì náà nígbà tó dé.

Nígbà tí mo tún lọ sí Raji Rasaki, mo dé orí gbólóhùn tó ní ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Àwọn ènìyàn kan gbé ibẹ̀ rí."

Ọmọbìnrin aláwò ojú náà ní, "Ibo ni wọ́n wà báyìí?"

"Àwọn kan wà ní Festac."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ìsinmi ń parí lọ. Ọ̀gá fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́, bó ṣe ṣèlérí. Àwọn òbí tó gbà kí ọmọ wọn lọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin aláwò ojú wà nínú wọn. Àwọn òbí náà ní kí àgbàlagbà kan bá wa lọ, ni bàbá mi bá ní àwọn máa lọ. Màmá mi yíjú sí wọn. "Ẹ̀yin náà?" Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, èmi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n mú agbòjò dání, wọ́n jókòó sẹ́yìn awakọ̀ títí a fi débẹ̀.

Mo dá agbárí egbin padà fún ọ̀gá. Ó kó wa lọ sí etí odò, a dúró lábẹ́ ahéré kan tí wọ́n ṣe fún àlejò. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, àwọn egbin yọ. Mo yíjú sí àwọn ọmọ láti rí bí ẹnu ṣe máa yà wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó jọ ewúrẹ́."

Òmíràn ní ewúrẹ́ màmá òun tóbi jù ú lọ. Ọ̀bọ kan tó jí búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹnì kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bàbá mi ò wo egbin, wọn ò wo ọ̀bọ. Òkè òkúta ni wọ́n ń wò, níbi tí igbó ti ki. Nígbà tó yá wọ́n lọ bá ọ̀gá, wọ́n ṣí fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mo fẹ́ dé ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn."

"Bàbá, a kì í jẹ́ kí àlejò dé apá ibẹ̀. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀, ẹfọ̀n sì wà."

"Mo gbọ́. Mi ò ní mú nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá ìyá mi ni wọ́n sin síbẹ̀."

Ọ̀gá wo bàbá mi, ó wo èmi. Mi ò mọ ojú tí mo lè fi hàn án, nítorí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe. Bó bá ní rárá, òfin tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ ló tẹ̀lé. Ó ṣí fìlà tirẹ̀ náà. Ó pe ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn, ó sì sọ fún mi pé, "Dúró ti àwọn ọmọ."

Mo dúró ti àwọn ọmọ. Ẹ̀ṣọ́ ṣíwájú, bàbá mi wà láàárín, ọ̀gá tẹ̀lé wọn, koríko bò wọ́n dé èjìká, lẹ́yìn náà mi ò rí wọn mọ́. Ọmọbìnrin aláwò ojú náà bi mí pé ibo ni wọ́n lọ, ṣé kì í ṣe ibi tí mo ní èèyàn ò gbọdọ̀ dé nìyẹn. Mo ní òun ni. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi lọ. Mo ní wọ́n gbàṣẹ. Ó rò ó wò, ó ní, "Lọ́wọ́ ta ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nípa bí oṣè ṣe ń tọ́jú omi sínú ara rẹ̀, ohùn mi sì ń yára jù.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Èèmọ́ ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò funfun bàbá mi láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún. Ọ̀gá ló bá wọn mú agbòjò dání. Bàbá mi bọ ọ̀gá lọ́wọ́, ọ̀gá tẹríba díẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì.

A ti jìnnà dáadáa kí n tó lè bi wọ́n. Àwọn ọmọ ti sùn lé ara wọn lórí.

"Ṣé ẹ rí i, sà?"

"Mo rí igi oṣè."

"Ṣé òun ni?"

Wọ́n ń já èèmọ́ kúrò lára ṣòkòtò wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọ́ jáde lójú fèrèsé. "Oṣè pọ̀ níbẹ̀," ni wọ́n wí.

Nígbà tí a délé, màmá mi bi wọ́n pé báwo ni páàkì. Wọ́n ní igbó ti kún. Mo fi fóònù pe ọ̀gá lẹ́yìn náà láti dúpẹ́, mo sì gbìyànjú láti fọgbọ́n béèrè ohun tí wọ́n ṣe nínú igbó lọ́hùn-ún. Ó ní bàbá mi sinmi díẹ̀, wọ́n sì padà. Bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Bóyá kì í ṣe ìyẹn.

Mo padà sí yunifásítì. Ní gbogbo ìsinmi tí mo bá ti wálé lẹ́yìn ìyẹn, títí bàbá mi fi kú, wọ́n máa ń bi mí, bó bá ṣe pé màmá mi kò sí nítòsí, pé ṣé mo tún ń lọ síbẹ̀. Mo máa ní n kò tíì mọ̀. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ó dáa. Títí di òní mi ò lè sọ bóyá ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí n lọ, tàbí kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.